Kí abo ẹṣin bí tibi-tire: àgbéyẹ̀wò abẹ́rẹ́ oxytocin

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé-ọmọ sún ibi ọmọ jáde. Ẹyọ kan tí mo yọ, ọ̀rọ̀ fíríìjì ló fà á.

Láàárín 30 ìṣẹ́jú sí wákàtí 3 lẹ́yìn tí ọmọ bá délẹ̀ ló yẹ kí ibi ọmọ ẹṣin jábọ́. Màlúù lè gbé tirẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹṣin kò lè ṣe é. Tó bá jẹrà nínú ilé-ọmọ, oró rẹ̀ á wọ ẹ̀jẹ̀, pátákò á gbóná, ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Fún abo ẹṣin 450 sí 500 kílò, 10 sí 20 yúnìtì ló tó, nínú ẹran ọrùn. Bí kò bá já, a tún un gún lẹ́yìn wákàtí 1 sí 2. Yúnìtì ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má ka ìgò: ìgò kékeré ilé oògùn lè jẹ́ 5, ó sì lè jẹ́ 10. Àwọn kan ṣì ń da 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Dípò kí ilé-ọmọ máa sún un jáde díẹ̀díẹ̀, ṣe ló máa le gbagidi, ẹṣin á sì máa yí nílẹ̀ bí ẹni tí inú ń run. Kódà pẹ̀lú ìwọ̀n tó yẹ, ó lè làágùn kó sì máa wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ká èyí tó ń já wálẹ̀, kí ẹ dì í sókè oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ má so òkúta mọ́ ọn, ẹ má sì fà á rárá.

Bí abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta kò bá ṣiṣẹ́, omi ló kàn. Dókítà ẹranko á fi rọ́bà tín-ínrín sínú iṣan ìwọ́ ọmọ, á jẹ́ kí omi mímọ́ ṣàn wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10; ibi ọmọ á wú, á sì tú kúrò lára ògiri ilé-ọmọ. Ọ̀nà yìí wù mí ju fífi ọwọ́ tú u lọ.

Ní ti fíríìjì: ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Níbi tí iná kì í dúró, èyí tó ti gbóná lórí káńtà kò yàtọ̀ sí omi. Tí ẹ bá gún un tí ẹṣin kò tiẹ̀ mira, ẹ kọ́kọ́ fura sí oògùn.

Tó bá já, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bíi ṣòkòtò ló rí: ẹsẹ̀ ńlá ni ọmọ gbé, ẹsẹ̀ kékeré ṣófo. Ẹ da omi sínú rẹ̀. Ihò kan ṣoṣo tí ọmọ gbà jáde ló yẹ kó máa jò. Ṣóńṣó ẹsẹ̀ kékeré ló sábà máa ń já kù sínú, èyí tí kò ju ọwọ́ lọ sì tó dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, tàbí tí ibi ọmọ ti pẹ́ tó wákàtí 8 kó tó já, dókítà á fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ilé-ọmọ títí omi á fi mọ́, pẹ̀lú oògùn apakòkòrò àti flunixin (oògùn ìrora àti ara wíwú), mílígíráàmù 1.1 fún kílò kan, ní wákàtí 12-12. Ẹ fi yìnyín sí pátákò. Ẹ wọn ìgbóná ara láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá ti kọjá 38.5, ẹ pè é padà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí a tètè tọ́jú báyìí ló ń lóyún padà. Èyí tó ń fa ìdádúró ni ìkánjú: kí a gbé e fún akọ nígbà àkọ́kọ́ tó bá wá a, láàárín ọjọ́ 5 sí 12, nígbà tí omi ṣì wà nínú ilé-ọmọ. Ẹ fo ti àkọ́kọ́, kí ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀ ní nǹkan bí 30 ọjọ́, kí ẹ sì ṣe scan kẹ́ ẹ tó pe akọ.