Ẹ̀sọ́ọ̀sì GT86 mi: àgbá tí mo sanwó rẹ̀ tí wọn kò dè

"Màdáàmù, bí ọkọ̀ tó dákẹ́ ni ẹ ń fẹ́, ẹ lọ ra Prius." Gbólóhùn yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà sọ sí mi lójú àwọn oníbàárà mìíràn, òun ló sì mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó kan ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé abẹ́ afárá rélùwéè ni wọ́n wà ní gúúsù ìlà-oòrùn London, àti pé ẹ̀sọ́ọ̀sì ọkọ̀ asáré, ìyẹn páìpù tó ń gbé èéfín ẹ́ńjìnnì jáde, ni wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń dè.

Ẹni tó bá ń wa Toyota GT86 ti mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nítorí náà mi ò ní máa ka agbára ẹṣin sílẹ̀ níbí. Ohun tí mo ń wá kò ju méjì lọ: ohùn tó rinlẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ nígbà tí mo bá tẹná, àti etí tó sinmi nígbà tí mo bá ń ti Gravesend lọ síbi iṣẹ́ lójú ọ̀nà A2. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń wa Subaru ń rọ̀ mí pé kí n pààrọ̀ páìpù tó ti ara ẹ́ńjìnnì jáde, kí n fi èyí tí gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba rọ́pò rẹ̀, kí ọkọ̀ mi lè máa kùn bíi Impreza àtijọ́. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni ohùn Subaru yẹn ti ń wá, òótọ́ sì tún ni pé irú páìpù bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tò pẹ̀lú rẹ̀, lè dí kòtò tí agbára GT86 máa ń já sí nígbà tí aago tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan bá wà ní nǹkan bíi 3,500 sí 4,500. Ṣùgbọ́n inú páìpù yẹn gan-an ni Toyota fi kátálíìsì àkọ́kọ́, ohun tó ń fọ májèlé inú èéfín, sí, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà ni kò sì ní in, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n bá yọ kátálíìsì rẹ̀ dànù kò lè yege MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí ọkọ̀ ṣe, ní Britain. Mi ò lè máa tú ọkọ̀ palẹ̀ lọ́dọọdún nítorí ohùn.

Ti titéníọ̀mù tó ń ti Jàpáánì wá wù mí púpọ̀, nítorí pé ó fúyẹ́ débi pé ènìyàn lè gbé e lọ́wọ́ kan. Àmọ́ mo máa ń lọ sáré ní pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní Bedford Autodrome sì rèé, wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ tí ariwo rẹ̀ bá ju 87.5 dB lọ bó ṣe ń kọjá, wọ́n á ní kí ó jáde. Ta ni yóò sanwó tán tí wọ́n á tún dá a padà sílé? Èyí ló mú kí n fẹnu kò sí páìpù tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kátálíìsì lọ títí dé ìdí ọkọ̀, tí wọ́n fi irin 304 tí kì í dógùn-ún ṣe, tó sì ní àgbá kékeré kan láàárín, èyí tó ń dín ariwo kù, tí wọ́n ń pè ní resonator. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ kì í fi agbára kan gbòógì kún ọkọ̀, ẹni tó bá sọ pé ó ń fi kún un kàn fẹ́ tajà ni. Ohùn ni a ń rà.

Kí n má purọ́ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin káńtà yẹn: nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ó ṣe sùúrù fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ó gbé páìpù sórí tábìlì, ó ní kí n fi ọwọ́ wọ inú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé olùyẹ̀wò MOT kì í lo ẹ̀rọ láti fi wọn ariwo, etí ara rẹ̀ ló ń lò, tí yóò fi ọkọ̀ náà wé irú rẹ̀ tó ní ẹ̀sọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ fi sí i. Ó tún fún mi ní ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò mi, nítorí pé àìsọ fún wọn pé mo yí nǹkan padà lára ọkọ̀ lè sọ ìwé adójútòfò di asán. Lọ́jọ́ yẹn, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo ní lọ́kàn fún wọn.

Nígbà tí mo wá gbé ọkọ̀, ó bọ́ sínú rẹ̀, ó tẹná mọ́ ọn lójú kan náà, orin sì dún. Gbogbo àwa tó dúró níbẹ̀ la rẹ́rìn-ín. Mo sanwó, mo sì ka rìsíìtì: páìpù, àgbá méjì, iṣẹ́ ọwọ́, àti £40 fún "ìdánwò lójú títì". Nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀, mo wo káàdì iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ìjókòó kejì. Iye máìlì tí wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà tí mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀, òun náà ló wà lójú aago, kò fi ẹyọ kan lé. Títì wo ni wọ́n wà á lọ?

Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti gbé e dé A2, ọ̀rọ̀ kò ní rí bó ṣe rí. Bí ọkọ̀ yìí bá wà ní jíà kẹfà, tó ń sáré máìlì 70 ní wákàtí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní, méjì nínú wọn ló sì ń jó epo nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, èyí tó já sí ìbúgbàù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tó bá wà ní ìwọ̀n yẹn kì í jáde lọ jẹ́jẹ́, ṣe ló máa ń bá inú ọkọ̀ kékeré gbọ̀n pọ̀, òun gan-an sì ni wọ́n ṣe àgbá àárín láti gbé mì. Tèmi wọ agbárí mi bí ẹni pé wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tí mo fi máa dé ìkóríta Dartford, mo ti pa rédíò, mo sì ti sọ̀kalẹ̀ sí jíà karùn-ún kí kíkùn yẹn lè yí padà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, tí ẹ tẹná mọ́ ọn, ẹ kò ní gbọ́ ọ rárá, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò ru ẹrù kankan nígbà náà.

Mo padà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Prius ti wáyé. Ó ní bí ọkọ̀ asáré ṣe ń dún nìyẹn, pé ó máa mọ́ mi lára, àti pé bí mo bá fẹ́ kí wọ́n tún un wò, £85 ni iṣẹ́ ọwọ́ wákàtí kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, nítorí náà mo tẹ́ rìsíìtì sórí káńtà, mo fi ìka mi sí ibi tí wọ́n kọ àgbá méjì sí. Ó ka ìlà náà. Ó yí ìwé náà dé, bí ẹni tó ń wá ìyókù ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dá a padà. Ó ní àgbá méjì náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo abẹ́ ọkọ̀ kí ó tó sọ ọ́.

Ariwo wa ló mú kí bàbá kan tó ń jórin lẹ́yìn jáde sí wa, tó ti ṣí ìbòjú wẹ́dà rẹ̀ sókè orí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ pé ilé ni. Mo fi orúnkún kan wólẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Oo, ọmọ mi. Wọ́n ní ò ń pariwo pé ọkọ̀ ẹ ń pariwo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní kí n lọ ra Prius."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ọkọ̀ sókè, ó pè mí wọ abẹ́ rẹ̀, ohun tí káńtà ti ní òfin kò gbà. Ó fi ìka tọ páìpù náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó ní, "Fi ojú ara ẹ wò ó. Níbo ni àgbá àárín wà?" Páìpù gbọọrọ lásán ló wà níbẹ̀. Àgbá kan ṣoṣo tó wà, ẹ̀yìn ló wà. Ó rìn lọ síbi pẹpẹ, ó gbé páálí kan wá tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti orí rìsíìtì mi mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú lẹ́tà R tó parí rẹ̀. Páìpù tó ní àgbá wà nínú rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní lẹ́tà yẹn kò ní ìtumọ̀, pé àmì ilé iṣẹ́ lásán ni. Bàbá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ó lọ pe máníjà.

Máníjà náà, obìnrin kan tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, ka rìsíìtì, wo páálí, ó fagi lé £85 náà lójú mi. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì wo ojú mi. Nígbà tí mo fi káàdì iṣẹ́ hàn án nípa ti £40, ó ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Nǹkan mìíràn ni mo rí lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo mú òòfà kékeré kan wá láti ilé, nítorí pé mo ti ń fura sí gbogbo nǹkan wọn. Irin 409, tí owó rẹ̀ kéré sí ti 304, máa ń fa òòfà mọ́ra. Ó lẹ̀ díẹ̀ níbi tí páìpù ti tẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo padà ni Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má fi ibi tó tẹ̀ dán an wò, nítorí pé títẹ̀ ní tútù máa ń jẹ́ kí 304 gan-an fa òòfà díẹ̀. Ó gbé e lé ibi tó gùn, òòfà já bọ́ sílẹ̀. Ojúlówó ni ọjà wọn, mo gbà.

Páìpù tuntun náà kò fi gbogbo ara bá ọkọ̀ mi mu, ẹnu kan ń yọ síta ju èkejì lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́ńpà. Àwọn wẹ́dà mìíràn á ní kò burú. Bàbá gé irin tó gbé e kọ́ kúrò, ó fi gáàsì argon kún inú páìpù kí ó tó jó o, ó ní bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, inú ojú ìjó yóò dúdú, yóò sì rí págunpàgun, yóò sì là lọ́jọ́ kan. Ó fi àyè tó tó ìka kan sílẹ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká, nítorí pé ẹ̀sọ́ọ̀sì máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná. Nígbà tó nu ojú ìjó náà tán, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jẹ́ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí ìjókòó kejì, ó ní kí n wa òun lọ sójú A2 kí òun fetí ara òun gbọ́ ọ.

Kò kùn mọ́. Ní 3,000, mo gbọ́ ohùn Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ Mushin tó ti kọ́ṣẹ́. Bí aago bá wá kọjá 5,000, ohùn náà á là gaara, á rinlẹ̀, láìsí gbígbó. Ẹ má retí ohùn Subaru lọ́dọ̀ rẹ̀ o. Àti pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń gbọ́ nínú GT86 láti ilé iṣẹ́ kì í ṣe ti ẹ̀sọ́ọ̀sì, Toyota ló de páìpù kan tó ń gbé ohùn afẹ́fẹ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀. Méjèèjì wá ń dún pọ̀ báyìí, mo sì máa ń gba ọ̀nà tó jìn lọ sílé.

Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa £40 yẹn, máníjà sì dáhùn pé àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí pé Bàbá kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó de ẹ̀sọ́ọ̀sì jókòó tì yín lọ sójú ọ̀nà tó yá, ní jíà kẹfà. Ìràwọ̀ 4 nínú 5.