Gbọ̀ngàn Ìjọ Kan ní Kàbà Tó Wúlò Jálẹ̀ Ọ̀sẹ̀
Gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa yá fún ìpàdé yìí yẹ fún ìyìn, nítorí pé àwọn alábòójútó rẹ̀ kò jẹ́ kí ilé tí a fi owó ọrẹ kọ́ wà ní títì pa títí di ọjọ́ Ìsinmi. Omi ibẹ̀ ló wú mi lórí jù: ọ̀sọ̀rọ̀ ń gba ojú páànù tó yí etí òrùlé ká dà sínú táǹkì tí wọ́n fi àwọ̀n bò lẹ́nu. Bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó 200 mítà níbùú-lóròó, yóò tó nǹkan bíi lítà 2,000. Àga pé, owó tí a fi yá gbọ̀ngàn náà kò sì wọ́n. Iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni kò tàn. Kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un ṣe nítorí àwọn ìyá àgbà.