Kíláàsì Sátidé fáwọn ọmọ tó ń lọ Faransé, ní Adó-Èkìtì: ẹ lọ, àmọ́ ẹ má sanwó gáùnù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré tó fẹ́ lọ bá ìyá ẹ̀ tàbí bàbá ẹ̀ ní Faransé, obìnrin kan wà ní apá Baṣírì níbí tó ń ṣe kíláàsì fún wọn ní gbogbo Sátidé, òun fúnra ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní nọ́sìrì lọ́hùn-ún kó tó padà wálé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ la mú ọmọ àbúrò mi lọ, 5,000 náírà ni lọ́jọ́ kan. Mo fún un ní máàkì mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ìdí tá a fi ń sáré ni pé láti September 2019 ni Faransé ti sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún ọmọ ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n sì ń wò o, wọn ò wo ti oṣù, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún kan náà jọ ń wọlé ni. Tiwa yìí, ìparí ọdún ni wọ́n bí i, tó bá dé September kò ní tíì pé mẹ́ta, wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ àwọn tó ti pé mẹ́ta láti January. Petite section ni kíláàsì àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni moyenne, lẹ́yìn náà grande, maternelle ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ máa sanwó oúnjẹ ọ̀sán.

Wíwọ kóòtù òtútù ni màdáámù fi bẹ̀rẹ̀ kó tó kọ́ wọn ní French kankan. Bẹ́ẹ̀ ni o, kóòtù, nínú oòrùn Adó yìí! Ó ní ká lọ ra jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà, a rà á, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọrùn ẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ apá ẹ̀, ó gbé e gba orí kọjá sẹ́yìn, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Òógùn ń bo àwọn ọmọ, àwa ń rẹ́rìn-ín. Ó wá bi wá pé tí ọmọ bí 25 bá fẹ́ jáde lọ ṣeré nígbà òtútù, ta ló fẹ́ máa wọ kóòtù fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Tíṣà kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan tó ń ràn án lọ́wọ́, ATSEM ni wọ́n ń pe olùrànlọ́wọ́ yẹn (ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó tíṣà, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń san ti ATSEM, kí tiwa náà gbọ́). Ọmọ tó bá lè wọ kóòtù ẹ̀, tó lè sọ pé òun fẹ́ tọ̀, tó lè fa ṣòkòtò ẹ̀ sókè fúnra ẹ̀, ìdajì ẹkún ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì yìí le gan-an lọ́dọ̀ ẹ̀, kò gba pámpásì wọlé rárá.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti doudou. Àwọn ọmọ petite section máa ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n sì ń gbà kí ọmọ mú nǹkan kan wá látilé tó máa gbá mọ́ra sùn, aṣọ ni àbí bèbí, ìyẹn ni doudou. Màdáámù ní ká má lọ ra tẹ́dì tuntun, nǹkan tọ́mọ mọ òórùn ẹ̀ ni ká mú wá. Màámi bá gé díẹ̀ nínú ìró àǹkárá tí wọ́n fi máa ń pọ̀n ọ́n, wọ́n ṣẹ́ etí ẹ̀. Ọmọ yìí ò jẹ́ ká fọ̀ ọ́ mọ́.

Láàárọ̀, wọ́n á jókòó sórí ẹní, oníkálùkù á mú káàdì tó ní fọ́tò àti orúkọ ẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, wọ́n á sọ pé ọjọ́ wo la wà, ṣé oòrùn ń ràn àbí òjò ń rọ̀. Tí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀, màdáámù ò bá a wí, ó ní kó dọ̀bálẹ̀ tán kó dìde, kó wò ó lójú kó sọ pé bonjour. Ó tún fún wọn ní wàrà Fúlàní kí ẹnu wọn lè mọ́ ṣíìsì díẹ̀díẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń gbé e fọ́mọ níléèwé lọ́hùn-ún. Tiwa tu tiẹ̀ dànù, ọmọ Èkìtì ni, iyán ló mọ̀.

Ó wá ku èyí tó ń bí mi nínú. Àwọn òbí kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ìwé dà, kí ni wọ́n kọ, màdáámù bá ń fún ọmọ ọdún méjì àbọ̀ ní hómúwọ́ọ̀kì! Bẹ́ẹ̀ òun náà ló sọ fún wa pé láti 1956 ni Faransé ti fòfin de hómúwọ́ọ̀kì àkọsílẹ̀ ní prámárì, ká má tíì wá sọ ti maternelle, pé kò sí fọ́ọ̀sì tàbí sẹ́kọ́ńdì níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ náà ń dún lábẹ́ fèrèsé níbi táwọn ọmọ ń sùn. Èyí tó wá burú jù ni gáùnù, ó ní ká dáwó gáùnù àti fìlà fún gradueṣọ̀n. Ta ló ń gráájúéètì? Ọmọ tí ò tíì bẹ̀rẹ̀ síkúù? Mi ò san án, wọn ò sì lé wa.

Fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, ẹ mú u lọ, ọjọ́ bíi mélòó kan ti tó, ẹ má jẹ́ kó di gbogbo ọdún. Èyí tó bá ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà, CP ló ń lọ, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní prámárì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà gidi, ẹ wá tíṣà French fún ìyẹn. Kẹ́ ẹ sì tètè dé o, aago mẹ́sàn-án ló ń ti géètì, ó ní bí wọ́n ṣe ń tì í lọ́hùn-ún nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀ ọ́ létí.