Ère tánganran méjì tí mo rà ní Saint-Ouen
Ìsọ̀ kékeré kan nínú ọjà ohun àtijọ́ ní Saint-Ouen, lẹ́bàá Paris, ni mo ti rà wọ́n, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Mo dojú wọn dé, mo rí J.P. tí wọ́n fi búlúù kọ sábẹ́ wọn. Àmì Jacob Petit nìyẹn, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń ṣe tánganran, ẹni tó sọ àrà Rococo àwọn ọdún 1700, ìyẹn ọnà tó kún fún ọ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ, dọ̀tun láti bí ọdún 1830. (Àwọn ayédèrú náà máa ń ní àmì yìí o!) Òdòdó ara aṣọ obìnrin náà wù mí gan-an, wúrà yí etí aṣọ náà ká. Àmọ́ wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìka ọkùnrin, ẹni tó tà á ò sì sọ. Ilé ni mo ti tan tọ́ọ̀ṣì rí i. 420 yúrò! Màmá mi ní kí n gbé òyìnbó kéékèèké wọ̀nyẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn kíákíá.