Aáyù tútù, aáyù gbígbẹ lílọ̀, òróró aáyù tàbí kápúsù: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra aáyù fún ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé allicin, èròjà tí ó ń fún un ní òórùn líle àti agbára lórí kòkòrò àrùn, kò sí nínú awẹ́ aáyù tí a kò tíì gé. Alliin, èròjà tí allicin ti ń wá, ni ó wà níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù alliinase, èyí tí ó ń sọ alliin di allicin, sì wà ní ìyàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí a bá gé e tàbí tí a gún un ni àwọn méjèèjì tó pàdé, tí allicin sì ń jáde láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó jẹ owó mi. Mo ra ìgò aáyù lílọ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń ta egbòogi. Àwọ̀ rẹ̀ ti sún mọ́ ti èlùbọ́, mo sì rò pé gbígbẹ dáadáa ni ó fà á. Oṣù méjì ni mo fi lò ó kí n tó da omi tútù sí ṣíbí kan rẹ̀, n kò sì gbọ́ òórùn kankan. Nígbà tí mo béèrè, ó ní òun máa ń bọ̀ ọ́ kí èèpo lè tètè bọ́, kí òun tó gbé e sínú ààrò búrẹ́dì. Omi gbígbóná yẹn ti pa alliinase kí ọ̀bẹ tó kan aáyù. Alliin lè ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò sọ ọ́ di allicin mọ́. Èyí tí a gé wẹ́wẹ́ ní tútù, tí a jẹ́ kí ó gbẹ nínú atẹ́gùn tí kò gbóná púpọ̀, yàtọ̀ pátápátá: bí omi bá kàn án, òórùn rẹ̀ yóò tún dìde. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ní ti kápúsù, omi kíkan inú ikùn náà máa ń pa alliinase, nítorí náà èyí tí awọ rẹ̀ kì í yọ́ títí yóò fi dé ìfun ni ó tó rà. Nínú òróró, allicin ti di àwọn èròjà mìíràn, bí ajoene. Ẹ má ṣe fi aáyù tútù sínú òróró kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ láìsí fìríìjì, nítorí májèlé botulism. Aáyù tí wọ́n rẹ sínú ọtí fún nǹkan bí oṣù 20 kì í rùn, èròjà tí à ń pè ní S-allylcysteine ni agbára rẹ̀, ó sì wọ́n.

Ẹni tí ó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó ra èyíkéyìí. Aáyù gbígbẹ yẹ arìnrìn-àjò, ti inú ọtí sì yẹ ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnu òun rùn. Ní ilé tèmi, aáyù tútù tí ó le, tí kò tíì hù, ni mo ń rà. Mo ń gún un nínú odó kékeré, mo sì ń dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ó tó wọ ìkòkò.