Ọmọ Ẹṣin àbí Ẹṣin Tó Ti Mọ Gàárì?

Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin àkọ́kọ́ ní Òṣogbo sábà máa ń bi ara rẹ̀ nìyí. Owó ọmọ ẹṣin sábà máa ń kéré, ṣùgbọ́n koríko àti èèrí ni olówó rẹ̀ yóò máa rà títí tí yóò fi pé nǹkan bí ọdún 3 sí 4, kí egungun rẹ̀ tó le tó láti gbé ènìyàn. Èyí tó ti mọ gàárì wọ́n, àmọ́ iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀.

Ọjọ́ orí ni ewu ibẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń tajà lè pe arúgbó ní ọ̀dọ́. Ẹ la ẹnu ẹṣin náà: bí eyín iwájú bá ti gùn, tó sì nà síwájú, ó ti dàgbà gan-an nìyẹn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè kí ẹ wo pátákò. Èyí tí kò bá gbà, wàhálà ni, ọmọdé ìbáà ṣe, àgbà ìbáà ṣe. Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹṣin kò mọ ọjọ́ orí ní tirẹ̀, nítorí náà kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ẹni tó ní ààyè, sùúrù àti olùtọ́jú tó mọ bí a ti ń kọ́ ẹṣin lè mú ọmọ ẹṣin. Ẹni tí kò gun ẹṣin rí, tó sì fẹ́ gùn ún nígbà Iléyá tó ń bọ̀, èyí tó ti mọ gàárì ló bá a mu.