Bónọ́ọ̀sì ₦1,000 àti owó ìfiránṣẹ́: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ṣí àkáǹtì ìfowópamọ́ lórí fóònù

Bónọ́ọ̀sì ni áàpù ìfowópamọ́ kọ́kọ́ máa ń na sí èèyàn: "Forúkọ sílẹ̀, gba ₦1,000." Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san án, nígbà tí owó tí wọ́n ń yọ lórí ìfiránṣẹ́ kì í sinmi láti January dé December. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí láti ara owó tó ń jáde.

Iye tí báńkì ń yọ

Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ló fi iye tí báńkì kò gbọ́dọ̀ kọjá lélẹ̀, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti January 2020. Ẹ fi VAT (owó-orí ọjà) 7.5% kún un, kí ẹ tún fi owó òǹtẹ̀ ìjọba (stamp duty) kún un:

| Iye tí ẹ fi ránṣẹ́ | Owó báńkì | Pẹ̀lú VAT | Owó òǹtẹ̀ | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| ₦5,000 sí ìsàlẹ̀ | ₦10 | ₦10.75 | kò sí | ₦10.75 |
| ₦5,001 sí ₦9,999 | ₦25 | ₦26.88 | kò sí | ₦26.88 |
| ₦10,000 sí ₦50,000 | ₦25 | ₦26.88 | ₦50 | ₦76.88 |
| Ó lé ní ₦50,000 | ₦50 | ₦53.75 | ₦50 | ₦103.75 |

₦50 owó òǹtẹ̀ yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó gba owó ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti January 2026, lábẹ́ òfin owó-orí tuntun, ọwọ́ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Owó oṣù kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò kan owó tí ẹ gbé láti àkáǹtì yín kan sí òmíràn nínú báńkì kan náà. Torí náà, tí áàpù bá ní ọ̀fẹ́ ni ìfiránṣẹ́ òun, owó tirẹ̀ ló ń sọ. Ti ìjọba ṣì wà níbẹ̀ tí owó náà bá ti pé ₦10,000.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lára ẹni tó ń fi ₦20,000 pamọ́ lóṣooṣù, láti báńkì rẹ̀ sí áàpù. ₦76.88 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦922.56. Nínú bónọ́ọ̀sì ₦1,000, ₦77.44 ló kù. Ní ìparí ọdún, ó fẹ́ kó ₦240,000 rẹ̀ padà sí báńkì. Tí áàpù náà bá ń gba iye tí báńkì ń gbà, ₦103.75 tún lọ. Bónọ́ọ̀sì ti tán, ó sì ti fi ₦26.31 tirẹ̀ lé e.

Àwọn kan máa ń pín ₦20,000 náà sí ₦5,000 lọ́nà mẹ́rin, kí owó òǹtẹ̀ má bàa kàn wọ́n. Ìyẹn jẹ́ ₦43 dípò ₦76.88, ó sì dára lójú. Àmọ́ ẹ má gbàgbé àlẹ́ẹ̀tì: SMS kọ̀ọ̀kan ti di ₦6 láti May 2025. Àlẹ́ẹ̀tì mẹ́rin jẹ́ ₦24, gbogbo rẹ̀ wá di ₦67. Ẹni tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan san ₦82.88. Èrè tí ẹ rò pé ó jẹ́ ₦33.88 ti di ₦15.88. Ẹ ní kí báńkì yín yí àlẹ́ẹ̀tì sí íméèlì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó. USSD (kóòdù oníràwọ̀ tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù) ló tún wọ́n jù fún irú èyí, torí ₦6.98 ni wọ́n ń yọ nínú káàdì ìpè yín fún ìpè kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún wo alájọ. Ẹni tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ máa fi owó ọjọ́ kan sílẹ̀ fún alájọ lóṣù: ₦1,000 gan-an. Tó bá ń fi ₦1,000 kan náà ránṣẹ́ sí áàpù lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦322.50 ni. Tó bá ń kó o jọ tó ń fi ₦5,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ márùn-ún, ₦64.50 ni. Ní ti owó, áàpù ló rọjú. Àmọ́ alájọ ló ń wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn náà sì níye lórí fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró.

Ta ni wọ́n gan-an?

Orúkọ pọ̀, àmọ́ ìwé-àṣẹ wọn kò pọ̀. Báńkì ńlá ni àkọ́kọ́. Kuda àti Moniepoint jẹ́ báńkì microfinance. OPay àti PalmPay bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé-àṣẹ mobile money. PiggyVest, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 lórúkọ Piggybank.ng, àti Cowrywise, tí SEC, àjọ tó ń mójú tó ìdókòwò, fún ní ìwé-àṣẹ olùṣàkóso owó ìdókòwò ní 2021, jẹ́ áàpù ìfowópamọ́ àti ìdókòwò.

Ìwé-àṣẹ ló ń sọ iye tí ẹ máa rí gbà padà tí nǹkan bá dàrú. Láti May 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdánilójú owó tó wà ní báńkì, ń dáàbò bo ₦5 mílíọ̀nù fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá, àti ₦2 mílíọ̀nù ní báńkì microfinance. Ti mobile money náà jẹ́ ₦5 mílíọ̀nù, àmọ́ ààbò yẹn wà fún ìgbà tí báńkì tí ilé-iṣẹ́ náà kó owó yín sí bá kógbá sílé. Owó tí ẹ fi ra ìpín nínú mutual fund (owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn dá jọ láti fi dókòwò) kò sí lábẹ́ NDIC rárá. Ẹni tó ní ₦3 mílíọ̀nù kò gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ sí báńkì microfinance kan ṣoṣo nítorí bónọ́ọ̀sì.

Ní ti ìfiránṣẹ́, owó láti OPay sí OPay jẹ́ ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú PalmPay. Kuda ló sọ ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́ 25 lóṣù di nǹkan tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Nínú áàpù yòówù tí ẹ bá yàn, iye ọ̀fẹ́ tó kù lóṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ibi tí bónọ́ọ̀sì máa ń há sí

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni kóòdù bónọ́ọ̀sì. Ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́; ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ kì í sábà rí i fi kún un mọ́. Èkejì ni pé bónọ́ọ̀sì máa ń dúró di ìgbà tí ẹ bá fi owó àkọ́kọ́ sí i, ó sì lè ní iye tí kò gbọ́dọ̀ dín. Ẹ̀kẹta ni BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báńkì: tí BVN yín bá ti wà lórí àkáǹtì kan níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù tuntun kò sọ yín di oníbàárà tuntun. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ lè gbé bónọ́ọ̀sì náà jáde sí báńkì, tàbí ẹ kàn lè fi ra káàdì ìpè. ₦1,000 tí kò ṣeé gbé jáde kì í ṣe ₦1,000.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi OTP (nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ẹ̀kan) ránṣẹ́ kí bónọ́ọ̀sì tó wọlé, olè ni.

Èlé ló yẹ kó mú yín yàn

CBN ní kí èlé àkáǹtì ìfowópamọ́ ní báńkì má dín sí 30% iye MPR, ìyẹn ìwọ̀n èlé tí CBN fúnra rẹ̀ ń gbé kalẹ̀. Nígbà tí MPR wà ní 27.5% ní November 2024, ìyẹn jẹ́ 8.25% lọ́dún. Lórí ₦100,000, ₦8,250 ni, tàbí ₦687.50 lóṣù. Ọ̀pọ̀ báńkì sì ń gbẹ́sẹ̀ lé èlé oṣù yẹn tí ẹ bá yọ owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ìyọkúrò karùn-ún, bó jẹ́ ₦500 ni, lè mú ₦687.50 lọ.

Tí áàpù kan bá ń san 15% lórí owó tí ẹ tì pa fún ọdún kan, ₦15,000 ni lórí ₦100,000 yẹn kan náà. Ẹ bi wọ́n bóyá kí wọ́n tó yọ owó-orí ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀: 10% lórí èlé máa sọ ọ́ di ₦13,500. Síbẹ̀, ó fi ₦5,250 ju ti báńkì lọ, ìyẹn bónọ́ọ̀sì márùn-ún àti ìdámẹ́rin kan. Ohun tí ẹ fi ń san án ni pé ọwọ́ yín kò ní tó owó náà. Safelock ti PiggyVest, fún àpẹẹrẹ, máa ń san èlé ṣáájú, àmọ́ kò ṣeé ṣí kí ọjọ́ tí ẹ dá tó pé. Owó ilé-ìwé tí ẹ máa san ní September kò gbọ́dọ̀ wà níbi tó máa ṣí ní October.

Kí ẹ tó fi owó ńlá síbẹ̀

Ẹ wo ìpele (tier) àkáǹtì yín. Ìpele kìíní kò gbà ju ₦300,000 lápapọ̀ àti ₦50,000 lójúmọ́. Ẹni tó kó owó jọ dé ibẹ̀ láìtíì gòkè ìpele máa rí i pé owó wà, àmọ́ kò ní jáde bó ṣe fẹ́. Ẹ parí ìpele kẹta kí owó tó pọ̀.

Nọ́ńbà fóònù láìsí òdo iwájú ni nọ́ńbà àkáǹtì OPay àti PalmPay. Tí ẹ bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó já sí àkáǹtì ẹlòmíràn tó wà lóòótọ́, kò sì ní dá padà fúnra rẹ̀. Ẹ ka orúkọ tó jáde dáadáa kí ẹ tó tẹ PIN. Ẹ kọ́kọ́ fi ₦100 ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹ tún yọ ọ́ padà sí báńkì. Ìgbà yẹn ni ẹ máa rí iye tí wọ́n ń yọ gan-an ní àlọ àti àbọ̀. Tí owó bá jáde ní báńkì tí kò sì dé áàpù, session ID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìfiránṣẹ́ náà, tó wà lára rìsíìtì ni kí ẹ fún àwọn méjèèjì. Fọ́tò àlẹ́ẹ̀tì nìkan kì í tó wọn.